Níbo Ni Tà Ń Gbé?

Kínìyẹn ni gbogbo ilé ń pè é.

Ọmọ mìíràn, bí yóò bá kọ́kọ́ la ẹnu sọ̀rọ̀, á ní, "Màmá." Ọmọ tiwa yìí wo gílóòbù tó wà lókè, ó na ìka sí i, ó ní, "Kí nìyẹn?"

Láti ọjọ́ náà ni orúkọ ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ó ti di ọmọ ọdún mẹ́fà báyìí, kò sì tíì dákẹ́.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, Kínìyẹn jí. Ó fi ahọ́n kan iwájú ẹnu rẹ̀.

Àlàfo! Eyín rẹ̀ kan ti ká. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ó tún fi ahọ́n kàn án. Há! Nǹkan ṣóńṣó kékeré kan ti ń yọ níbẹ̀.

"Yéè!" Kínìyẹn ké. "Eyín tuntun ti ń bọ̀! Ìyá àgbà ò sì tíì rí àlàfo mi!"

Ọ̀nà jíjìn ni Ìyá àgbà ń gbé. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, ní aago mẹ́rin, á yọjú sí wọn nínú kọ̀ǹpútà. Á rẹ́rìn-ín. Á kí Kínìyẹn, á kí i títí.

Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ilé ti kú láti oṣù tó kọjá. Ó ṣe *kùùù*. Ó ṣe *kẹ̀*. Ó dákẹ́.

Lóòótọ́, wọ́n ń gbọ́ ohùn Ìyá àgbà nínú fóònù Màmá. Ṣùgbọ́n ta ló ń fi etí wo eyín?

"Má mikàn," ni Àǹtí wí. "Kó tó di aago mẹ́rin òní, màá ti to kọ̀ǹpútà tuntun."

Àbúrò Màmá ni Àǹtí. Kọ̀ǹpútà ló ń tún ṣe, ní ṣọ́ọ̀bù kan létí títì. Lójoojúmọ́ ló ń tún ti àwọn ẹlòmíràn ṣe. Lónìí, ó kan tilé.

Àǹtí kó gbogbo nǹkan sórí tábìlì. Kínìyẹn na ọrùn.

"Kí nìyẹn?"

"Àpótí irin ni. Ilé kọ̀ǹpútà nìyẹn."

"Kí nìyẹn?"

"Fáànù ni. Inú kọ̀ǹpútà máa ń gbóná."

"Kí nìyẹn?"

"Pátákó ni. Orí ẹ̀ ni gbogbo nǹkan máa dúró sí."

"Ìyẹn ńkọ́?"

Àpò kékeré kan ni. Ó ń dán bíi páànù tuntun. Bí Àǹtí ti gbé e, ó ṣe *fáyá-fáyá*.

"Mẹ́mọ́rì ló wà nínú ẹ̀," ni Àǹtí wí. "Òun ni kọ̀ǹpútà fi ń rántí nǹkan. Àpò yìí ni ẹ̀wù ẹ̀. Ìwọ lo máa fi mẹ́mọ́rì sáyè ẹ̀."

"Èmi?"

"Ìwọ kẹ̀! Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbà ò wọ kèrègbè. Ibi tó máa wọ̀ yẹn há. Mo fẹ́ àtàǹpàkò ẹ kékeré yẹn."

Inú Kínìyẹn dùn. Ó wo àtàǹpàkò rẹ̀. Ó wò ó lẹ́yìn, ó wò ó níwájú.

"Kọ́kọ́ lọ ti ilẹ̀kùn," ni Àǹtí wí, "kí Ọ̀gá má wọlé."

Ọ̀gá ni ológbò ilé. Kì í ṣe iṣẹ́ kankan, òun ló sì ń kọ́kọ́ jẹun. Ẹ sọ fún mi, kí ni à bá tún pè é?

Kínìyẹn sáré lọ ti ilẹ̀kùn. Ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ń yọ̀ lórí rọ́ọ̀gì.

*Fìrì, fìrì, fìrì.*

Ó na ọwọ́ sí irin ilẹ̀kùn.

TÀ!

"Yéè! Ilẹ̀kùn ta mí!"

Àǹtí gbé ọwọ́ sókè. "Dúró síbẹ̀! Má fọwọ́ kan nǹkan kan lórí tábìlì."

Kínìyẹn dúró gbagidi.

"Iná mànàmáná kékeré kan ló wà lára ẹ," ni Àǹtí wí. "Ìwọ, ó kàn ta ọ́ lásán ni. Ṣùgbọ́n ara mẹ́mọ́rì ò le tó tìẹ. Tí iná yẹn bá ta á, ó lè kú. Ẹyọ kan ṣoṣo la sì ní."

"Tó bá kú ńkọ́?"

"A ò ní í rí Ìyá àgbà lónìí nìyẹn."

Kínìyẹn kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Ẹ̀rù bà á. Ó fi ahọ́n kan eyín tuntun náà. Ó jọ pé ó tún ti ga sí i.

Ó ronú. Ó ní, "Àǹtí, iná yẹn, níbo ló ń gbé?"

Àǹtí rẹ́rìn-ín. "Ìbéèrè gidi nìyẹn. Abèèrè kì í ṣìnà. Wá a lọ. Tí o bá rí i, wá sọ fún mi."

Aago méjì lù. Àǹtí ń de nọ́ọ̀tì. Kínìyẹn ń wá iná.

Ó sọ ọ́ ní Tà.

Ṣé ilẹ̀kùn ni Tà ń gbé? Ó tún fi ìka kan irin ilẹ̀kùn náà. Kò sí nǹkan kan.

Ṣé inú ìbọ̀sẹ̀ ni Tà ń gbé? Ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Ó gbọ̀n ọ́n, *gbọ̀n, gbọ̀n*. Ó fi etí sí i. Ó fi imú sí i. Áà! Ó yára gbé imú kúrò. Kò sí Tà níbẹ̀.

Ṣé inú rọ́ọ̀gì ni Tà ń gbé? Ó dojú bolẹ̀ lórí rọ́ọ̀gì ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó rí bọ́tìnnì kan. Ó rí ẹ̀rún bisikíìtì. Ó rí pẹ́ńsù tí Àǹtí ti ń wá láti ìjẹta. Kò rí Tà.

Ó wọ ìbọ̀sẹ̀ padà. Ó rìn lórí rọ́ọ̀gì, *fìrì, fìrì, fìrì*.

Ọ̀gá jókòó lọ́nà, ó ń lá ọwọ́ rẹ̀. Kínìyẹn na ìka sí i ní imú, láti kí i.

TÀ!

"Míyáù!" Ọ̀gá fò sókè. Ó wo Kínìyẹn bí ẹni tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ dà. Ó wọ abẹ́ àga lọ.

"Má bínú, Ọ̀gá," ni Kínìyẹn wí. "Iṣẹ́ ìwádìí ni."

Kínìyẹn jókòó, ó káwọ́ lérí.

Ìbọ̀sẹ̀ nìkan, kò sí Tà.

Rọ́ọ̀gì nìkan, kò sí Tà.

Ìbọ̀sẹ̀ lórí rọ́ọ̀gì, *fìrì, fìrì, fìrì*...

"Ahà!" Ó sáré lọ bá Àǹtí. "Kò gbé nínú ìbọ̀sẹ̀! Kò gbé nínú rọ́ọ̀gì! Tí wọ́n bá ń ha ara wọn ni wọ́n ń bí i! Á wá gun ara mi!"

"O káre!" Àǹtí pàtẹ́wọ́. "Pàápàá lónìí tí afẹ́fẹ́ gbẹ táútáú."

"Ṣé mo lè wá fọwọ́ kan mẹ́mọ́rì?"

"Ṣé Tà ti sọ̀ kalẹ̀ lára ẹ?"

Kínìyẹn wo ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Tà kì í ṣe ohun tí a ń fi ojú rí. Ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí a ń ṣe sí nǹkan tó bá wà lára. A máa ń fọ̀ ọ́ ni!

Ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ sí balùwẹ̀. *Fìrì, fìrì, fìrì.* Ó di irin ẹ̀rọ omi mú.

TÀ!

"Dúró dè mí," ni Kínìyẹn wí fún Tà.

Ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́. *Ṣàṣàṣà.* Ó fọ àárín ìka. Ó fọ ẹ̀yìn ọwọ́. Ó nù ún. Ó tún fọwọ́ kan irin ẹ̀rọ omi.

Kò sí Tà!

"Ọṣẹ ti fọ̀ ọ́ lọ!" Ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ padà tayọ̀tayọ̀. *Fìrì, fìrì, fìrì.*

"Kọ́kọ́ fọwọ́ kan irin fèrèsé ná, ká wò ó," ni Àǹtí wí.

TÀ!

"Ṣùgbọ́n mo fọ̀ ọ́!" ni Kínìyẹn ké. "Mo fọ àárín ìka pàápàá!"

Aago mẹ́ta ti kọjá. Àǹtí ti de pátákó. Ó ti de fáànù. Mẹ́mọ́rì nìkan ló kù.

Ẹkún ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan yára ju ẹkún lọ.

"Báwo ló ṣe padà?"

Kínìyẹn nu imú. Ó tẹ̀ lé ipa ẹsẹ̀ ara rẹ̀ padà, láti fèrèsé dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé balùwẹ̀.

Kò gbé ọṣẹ rárá lọ́tẹ̀ yìí. Ó kàn fi ìka kan irin ẹ̀rọ omi.

TÀ!

Ó tún kàn án.

Kò sí nǹkan kan.

"Kì í ṣe ọṣẹ," ni Kínìyẹn wí jẹ́jẹ́. "Irin ni! Irin ló ń gbà á lọ́wọ́ mi!"

Ó bojú wo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó wo rọ́ọ̀gì onírun tó nà gbọọrọ níbẹ̀.

"Rọ́ọ̀gì sì ni ó ń dá a padà fún mi. Olóòótọ́ burúkú!"

Kínìyẹn mọ ohun tó kàn. Ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ ọ̀tún. Ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ òsì. Ó kúnlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká rọ́ọ̀gì.

*Gbìrì.* Ó tì í. *Gbìrì.* Ó tún tì í. *Gbìrì, gbìrì, gbìrì.*

Rọ́ọ̀gì wúwo. Kínìyẹn ń mí hẹlẹhẹlẹ. Bí rọ́ọ̀gì ti ká tán, ó dà bí páìpù ńlá. Ọ̀gá jáde lábẹ́ àga. Ó wo inú páìpù náà. Ó wọ ibẹ̀ lọ, ó ku ìrù nìkan.

Kínìyẹn lọ fọwọ́ kan ẹ̀rọ omi. TÀ! Ó fi ẹsẹ̀ lásán rìn padà lórí sìmẹ́ǹtì. *Pẹ́pẹ́pẹ́.* Sìmẹ́ǹtì tutù dáadáa.

Ó fọwọ́ kan irin fèrèsé. Ó di ojú.

Kò sí Tà.

Ó tún fọwọ́ kàn án. Kò sí Tà!

"O ṣeun!" ni Àǹtí wí. "Ó wá ku ẹyọ kan."

Àǹtí ń wo súwẹ́tà Kínìyẹn.

Súwẹ́tà pupa ni, ó nípọn. Ìyá àgbà ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun ún, tó fi ránṣẹ́. Apá rẹ̀ gùn díẹ̀ jù, Kínìyẹn sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"Rárá o," ni Kínìyẹn wí. "Ìyá àgbà gbọ́dọ̀ rí i lára mi."

Àǹtí kò jà. Ó ní, "Fi apá kan ha èkejì, kí o gbọ́."

Kínìyẹn fi apá ha apá. *Ṣẹ́ẹ́ẹ́, pá, pá.*

Òun náà gbọ́ ọ. Wọ́n ń bí Tà níbẹ̀.

Inú rẹ̀ bàjẹ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gbá súwẹ́tà mú nídìí, ó fà á kọjá lórí.

*Pá-pá-pá-pá-pá!*

Gbogbo irun orí rẹ̀ dìde dúró. Ó ká súwẹ́tà sórí ibùsùn ní yàrá kejì. Ó padà wá, ó fọwọ́ kan irin fèrèsé. TÀ! Ó tún fọwọ́ kàn án. Ó dákẹ́.

"Mo ti ṣe tán," ni Kínìyẹn wí. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ẹ lápá.

Ẹ̀gbà kan wà ní ọrùn ọwọ́ Àǹtí. Wáyà gígùn kan so mọ́ ọn. Orí wáyà náà ní ẹnu bíi pẹ́ẹ̀gì aṣọ, ó sì ti gé àpótí irin jẹ.

"Kí nìyẹn?"

"Tí wọ́n bá fẹ́ bí Tà lára mi, wáyà yìí ló máa gbà lọ. Kò ní í ráyè dàgbà."

Àǹtí bọ́ ẹ̀gbà náà, ó fi sí ọwọ́ Kínìyẹn. Ó yọ̀ bọ́. Ó gbé e dé ìgùnpá. Ó tún yọ̀ bọ́.

"Ọwọ́ mi ti kéré jù," ni Kínìyẹn wí.

"Kò burú." Àǹtí wọ ẹ̀gbà rẹ̀ padà. "Di ọwọ́ mi mú. Tí wọ́n bá bí Tà lára ẹ, á gba ọwọ́ ẹ wọ ọwọ́ mi, á sì gba wáyà lọ."

Wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú.

Àǹtí fi ọwọ́ kejì ṣí àpò. *Fáyá-fáyá.* Ó di mẹ́mọ́rì mú létí, ó fà á jáde díẹ̀díẹ̀.

Kínìyẹn na ọrùn. Mẹ́mọ́rì gùn, ó sì pẹlẹbẹ. Nísàlẹ̀ rẹ̀, nǹkan wíńníwínní kan tò bí eyín, wọ́n ń dán bíi wúrà. Láàárín wọn...

"Àlàfo! Àǹtí, ó ká eyín bíi tèmi!"

"Àlàfo yẹn ló ń sọ ibi tó yẹ kó kọjú sí," ni Àǹtí wí. "Bí kò bá sí àlàfo yẹn, à bá ti fi sódì."

Nígbà náà ni Kínìyẹn rí nǹkan kan lẹ́nu ọ̀nà.

Rọ́ọ̀gì ń mì. Orí kan yọ jáde níbẹ̀. Ara kan tẹ̀ lé e. Gbogbo irun ara náà dúró gaga, bíi ti búrọ́ọ̀ṣì. Ọ̀gá ti yí kiri nínú rọ́ọ̀gì! Ó sì ń wo tábìlì.

"Àǹtí! Ẹ dá mẹ́mọ́rì padà sínú àpò! Tà ti kún ara Ọ̀gá!"

*Fáyá!* Mẹ́mọ́rì wọ àpò.

*Gbì!* Ọ̀gá bà sórí tábìlì. Ó na imú sí àpótí irin, láti gbọ́ òórùn rẹ̀.

TÀ!

"Míyáù!" Ọ̀gá di àwátì.

Àǹtí kọ́kọ́ mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ìwọ lo gbà wá sílẹ̀," ló wí. Wọ́n dìde, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Wọ́n fọwọ́ kan irin. Wọ́n tún di ọwọ́ ara wọn mú.

Mẹ́mọ́rì jáde. Àlàfo rẹ̀ dé orí nǹkan ṣóńṣó kékeré kan tó yọ lórí pátákó. Àtàǹpàkò Àǹtí wà ní ìkángun kan. Àtàǹpàkò Kínìyẹn wà ní ìkángun kejì, níbi tó há.

"Pẹ̀lẹ́," ni Àǹtí wí. "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ó yá, tẹ̀ ẹ́."

Wọ́n tẹ̀ ẹ́.

*Kẹ̀!*

*Kẹ̀!*

Àǹtí dé àpótí. Ó de nọ́ọ̀tì tó kẹ́yìn. Ó so wáyà iná.

"Tẹ bọ́tìnnì yẹn," ló wí fún Kínìyẹn.

Kínìyẹn tẹ̀ ẹ́.

Kò sí nǹkan kan.

Kínìyẹn ò mí. Àǹtí ò mí.

*Fùùùùù.*

Fáànù ń yí! Iná kékeré tàn. Ojú kọ̀ǹpútà mọ́lẹ̀ kedere. Àǹtí tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún. Bí aago mẹ́rin ti ń lù báyìí, *kíríń-kíríń, kíríń-kíríń*.

"Ọkọ mi!" ni ohùn kan wí. "Olówó orí mi!"

Ìyá àgbà rèé! Gbogbo ojú rẹ̀, gbogbo ẹ̀rín rẹ̀.

Kínìyẹn kò kí i pàápàá. Ó la ẹnu gbàà. "Ááááá!"

"Kí lo fẹ́ kí n wò? Dúró, kí n wọ awò ojú mi." Ìyá àgbà sún mọ́ ọn. "Há! Àlàfo! Eyín tuntun sì ti ń yọjú níbẹ̀!"

"Díẹ̀ báyìí ló kù kó dí i pa!" ni Kínìyẹn wí.

"Mo ṣáà bá a kó tó dí." Ìyá àgbà la ẹnu tirẹ̀ náà. Àlàfo kan wà níbẹ̀, ó fẹ̀ dáadáa. "Wo tèmi. Tèmi yìí kò kánjú. Kò sí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, àlàfo sí àlàfo.

Lẹ́yìn náà ni Ìyá àgbà wo apá Kínìyẹn. Ojú rẹ̀ yí padà díẹ̀. "Súwẹ́tà tí mo hun fún ọ ńkọ́? Àbí kò bá ọ mu?"

"Ó bá mi mu!" Kínìyẹn fò dìde. "Ìyá àgbà, kí n lè rí yín ni mo ṣe bọ́ ọ!"

Ó wo Àǹtí. Àǹtí gbá àpótí náà lórí jẹ́jẹ́. "A ti dé e. Kò sí ewu mọ́. Lọ wọ̀ ọ́."

Kínìyẹn sáré lọ, ó sáré bọ̀. Ó ki orí bọ inú súwẹ́tà pupa náà.

*Pá-pá-pá-pá-pá!*

Orí rẹ̀ yọ jáde. Gbogbo irun rẹ̀ dìde dúró.

Ìyá àgbà sún mọ́ ọn. Ó tún sún mọ́ ọn, títí imú rẹ̀ fi kún ojú kọ̀ǹpútà.

"Ọkọ mi," ló wí, "kí nìyẹn?"

Kínìyẹn ya ẹnu. Kò sẹ́ni tó bi í ní ìbéèrè yẹn rí.

Ó fa àga. Ó jókòó. Ó ká apá súwẹ́tà tó gùn jù sókè.

"Ẹ fara balẹ̀, Ìyá àgbà," ló wí. "Tà nìyẹn. Mo mọ ibi tó ń gbé."

Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, láti orí ilẹ̀kùn.